Orí Keje: Ìsọ̀ Aṣọ Òfì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọjà ni ká kọ́kọ́ wò

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan: èwo ló dára jù nínú gbogbo áàpù tí wọ́n fi ń ṣe é? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kò tíì kàn. Ọjà tí a fẹ́ tà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò fínnífínní. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ta ló ń rà á? Kí ló ń bà á lẹ́rù kó tó sanwó? Bí a bá ti mọ èyí, kò ní ṣòro mọ́ láti mọ ètò tó yẹ ìsọ̀ wa.

Aṣọ òfì Ìsẹ́yìn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ orí yìí. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn, àmọ́ aṣọ tí wọ́n ń hun nínú agboolé Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń hun ní Ṣakí náà, ni ọjà olówó iyebíye tí agbègbè wa ní. Kò sẹ́ni tó ń ra òfì nítorí òtútù. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, oyè jíjẹ àti ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ rà á. Ẹni tó rà á fẹ́ kí ẹni tó bá rí òun mọ̀ pé òun náwó, kó sì mọ̀ pé òun mọ aṣọ.

Mẹ́ta ni àwọn àgbà ń kà sí òfì gidi. Ẹtù jẹ́ aṣọ aró dúdú tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tàbí búlúù là láàrin. Sányán, tí wọ́n ń pè ní baba aṣọ, ti ara òwú tí kòkòrò inú igbó ń ṣe wá, àwọ̀ ilẹ̀ ló sì ní. Àlàárì pupa, òwú sílíkì tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà dé ọ̀dọ̀ wa. Lónìí, òwú ilé-iṣẹ́ àti òwú tó ń dán ló pọ̀ jù lórí òfì, oríṣiríṣi àwọ̀ tí bàbá wa kò mọ̀ sì ti wọlé. Bí wọ́n ṣe ń hun ún kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń ti orí òfì bọ́ sílẹ̀, a ó gé e, a ó sì rán an pọ̀ di ìró, agbádá tàbí ìborùn.

Ohun mẹ́rin nínú iṣẹ́ yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn, nítorí pé àwọn ló máa pinnu irú ìsọ̀ tí a ó kọ́.

Àkọ́kọ́, òfì tó jọjú kì í sábà wà nílẹ̀. Oníbàárà á sọ àwọ̀ tó fẹ́ àti iye èèyàn tó máa wọ̀ ọ́, ìgbà náà ni ahunṣọ á tó ta òwú. Èkejì, àwọ̀ kì í bára mu tán. Òwú tí a rà lóṣù yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti oṣù tó ń bọ̀, nítorí náà ẹni tó bá padà wá fi kún aṣọ tó ti rà gbọ́dọ̀ gbọ́ òótọ́ kó tó sanwó. Ẹ̀kẹta, ọjọ́ ìnáwó kì í yẹ̀. Aṣọ ìyàwó tó bá dé lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó ti di aṣọ àkópamọ́. Ẹ̀kẹrin, èèyàn kan kọ́ ló ń rà á. Aṣọ ẹbí ni ó pọ̀ jù: ẹnì kan á ṣáájú, ogójì á tẹ̀ lé e, olúkúlùkù á sì fẹ́ san tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwọn tó kọ́ áàpù ìtajà ní Kánádà tàbí Amẹ́ríkà kò ní aṣọ ẹbí lọ́kàn. Ẹni tó ń ta bàtà tó ti wà nínú páálí ni wọ́n ń rò: mú un, jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, sanwó, ó parí. Òfì ń béèrè ìjíròrò, àsansílẹ̀ owó, àti ọjọ́ tí a jọ fẹnu kò sí. Ìsọ̀ tí kò bá ní ààyè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ì báà dán gbinrin, kò wúlò fún aláṣọ.

Bí oníbàárà ṣe ń rà á

Ká mú aláṣọ kan ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń hun, òun ló ń tà. Ọmọbìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí àwòrán ẹtù kan tó gbé sórí Instagram, ó sì kọ̀wé sí i lórí WhatsApp:

«Ẹ káàsán mà. Mo rí ẹtù yín tó ní ìlà búlúù. Ṣé ẹ lè fi fàdákà díẹ̀ sí i? Ìyá ìyàwó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìró àti ìborùn, ọkùnrin mẹ́fà á dé fìlà rẹ̀.»

«Ẹ káàsán o, ọmọ mi. Ó ṣeé ṣe. Ọjọ́ wo ni ìnáwó, ìlú wo ni aṣọ ń lọ? Màmá ga àbí wọn ò ga?»

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí bọ́tìnì kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọjà ti fẹ́ẹ̀ tà. Ìbéèrè aláṣọ fi hàn pé ó mọ iṣẹ́. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, àmọ́ níbi tí kò ti sí ojú, ìbéèrè tó tọ́ ni oníbàárà fi ń díwọ̀n ẹni tó fẹ́ kówó fún. Gbogbo ètò tí a bá yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìjíròrò yìí rọrùn, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ má sì sọnù.

Ẹ̀rù mẹ́ta ló ń ba oníbàárà yìí. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gbówó òun sálọ. Ó ń bẹ̀rù pé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí òfì ni wọ́n máa fún òun, nítorí irú rẹ̀ wà lọ́jà. Ó sì ń bẹ̀rù ọjọ́. Nígbà tí a bá ń yẹ ètò kọ̀ọ̀kan wò, ẹ jẹ́ ká máa bi í pé: èwo nínú ẹ̀rù yìí lo lé lọ?

Àwọn ọ̀nà tó wà

WhatsApp Business dé ní 2018, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aláṣọ wà lónìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní ibi tí a lè to àwòrán ọjà àti iye owó sí, oníbàárà sì ti mọ̀ ọ́n lò. Kò sí ìdí tí a fi máa kó kúrò níbẹ̀. Àìlera rẹ̀ ni pé orí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan dúró lé: bí fóònù bá bọ́ sọ́wọ́ olè tàbí tí wọ́n bá ti àkáǹtì pa, orúkọ oníbàárà, ìwọ̀n àti àdéhùn lè bá a lọ. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí kò sì ní rí wa nígbà tó bá ń wá òfì lórí Google.

Ọ̀nà kejì ni ìsọ̀ kékeré tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó Nàìjíríà ń fún òǹtajà. Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, tí Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020, ní irú rẹ̀. Flutterwave náà gbé tirẹ̀ jáde ní 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo ọjà pa. Bumpa jẹ́ áàpù tí wọ́n dìídì ṣe fún òǹtajà kékeré nílùú wa, ó ń pa àkọsílẹ̀ ọjà, oníbàárà àti owó mọ́ sójú kan lórí fóònù. Irú ìsọ̀ báyìí kò rẹwà púpọ̀, kò sì ṣeé tún ṣe bí a bá ṣe fẹ́. Àmọ́ láàrin ọ̀sán kan èèyàn lè ṣí i, owó sì ń wọ àkáǹtì náírà tààrà.

Ọ̀nà kẹta ni WooCommerce, tó jáde ní 2011, tí Automattic sì rà ní 2015. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí WordPress, a kì í ra áàpù náà, àmọ́ a gbọ́dọ̀ háyà ibi tí ojúlé wa máa gbé, a sì nílò ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Ó fún wa lómìnira: a lè kọ ojú ìwé tó béèrè ọjọ́ ìnáwó, iye fìlà, ìwọ̀n àti àwọ̀, ká sì gba ìdajì owó lọ́wọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni àbójútó. Ojúlé tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe fún ọdún kan ti ṣílẹ̀kùn fún olè.

Ẹ̀kẹrin ni Shopify. Ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ottawa, Tobias Lütke, fẹ́ ta pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2004; áàpù tó wà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá kọ́ tirẹ̀, èyí tó di Shopify ní 2006. Ó lẹ́wà, ó dúró ṣinṣin, ilé-iṣẹ́ náà sì ń bójú tó ọ̀pọ̀ nǹkan fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò ìsanwó tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún òǹtajà tó wà ní Nàìjíríà. A gbọ́dọ̀ lo Paystack tàbí Flutterwave nínú rẹ̀, nígbà náà Shopify á tún yọ ìdá 2 nínú 100 lórí ètò Basic nítorí pé a kò lo tirẹ̀. Èèyàn san lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjà kan.

Àwọn ọjà ńlá bíi Jumia, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, kò yẹ òfì. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Bí a bá kó ẹtù sáàrin ìkòkò àti ṣájà fóònù, oníbàárà á fi ojú iye owó nìkan wò ó, orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọjà ńlá náà, kò sí lọ́wọ́ wa. Etsy, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní 2005, ì bá bá wa mu gan-an, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè tí ètò ìsanwó rẹ̀ dé. Àfi kí ẹbí kan nílẹ̀ òkèèrè ṣí i lórúkọ ara rẹ̀, kó sì ru ẹrù owó orí rẹ̀. PayPal náà dé Nàìjíríà ní 2014, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni a fi lè fi sanwó jáde láìlè gbowó wọlé.

Ìṣirò owó

Ibí yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mú bírò. Iye tí a lò ni èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kéde. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ tún yẹ̀ ẹ́ wò, torí wọ́n lè yí i padà nígbàkigbà.

Bí oníbàárà tó wà ní Nàìjíríà bá sanwó nípasẹ̀ Paystack, wọ́n á yọ ìdá 1.5 nínú 100 àti ₦100 sí i, àmọ́ ohun tí wọ́n máa yọ kò ní kọjá ₦2,000. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ẹni tó ń ta ọjà olówó iyebíye ń wá. Ẹni tó ta ọṣẹ ₦3,000 á san ₦145, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 5 nínú 100. Ẹni tó ta òfì ₦250,000 ì bá san ₦3,850, ṣùgbọ́n ₦2,000 péré ni wọ́n á yọ, kò tó ìdá kan nínú 100. Láti nǹkan bí ₦126,700 lọ sókè, ohun tí wọ́n ń yọ kò pọ̀ sí i mọ́. Nítorí náà, aláṣọ tó ń sá fún ètò ìsanwó nítorí «owó tí wọ́n ń yọ» ń sá fún ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ lé e.

Káàdì ilẹ̀ òkèèrè yàtọ̀. Ìdá 3.9 nínú 100 àti ₦100 ni, kò sì ní òpin. Lórí ₦250,000 kan náà, ₦9,850 ni. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí a bá pè fún oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò dára ká fi kún un lẹ́yìn tí a ti fẹnu kò. Ẹni tó ra aṣọ iyì kì í fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ₦9,850 mọ́ òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ẹ jẹ́ ká gbé aṣọ ẹbí wò báyìí. Èèyàn ogójì, ₦45,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,800,000 lápapọ̀. Bí olórí ẹgbẹ́ bá kó owó jọ tó sì san án lẹ́ẹ̀kan, ₦2,000 ni wọ́n á yọ. Bí olúkúlùkù bá san tirẹ̀ lójú ìwé ìsanwó kan náà, ₦775 ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦31,000 lórí gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ náà tóbi, mo sì tún ń dámọ̀ràn èkejì nígbà púpọ̀. Ìdí ni pé orúkọ ẹni tó san, ìwọ̀n orí rẹ̀ fún fìlà àti ọjọ́ tó san á wà nílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ síwèé. Olórí ẹgbẹ́ tó ti gba ogójì tíráńsífà rí, tó ń wá ẹni tó fi «aṣọ» nìkan ṣe àlàyé, mọ̀ pé ₦775 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò wọ́n. A lè fi í sínú iye aṣọ látìbẹ̀rẹ̀.

Tíráńsífà tààrà sí àkáǹtì ló pọ̀ jù láàrin wa, kò sì sí ohun tó yá tó o. Láti 2011 ni ètò NIBSS, tó so àwọn báńkì pọ̀, ti mú kí owó máa dé láàrin ìṣẹ́jú. Ewu rẹ̀ ni ayédèrú àlẹ́ẹ̀tì. Òfin kan ṣoṣo ni kí aláṣọ tẹ̀ lé: owó tó hàn nínú àkáǹtì nìkan ló jẹ́ owó, ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe owó. Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kò ronú sí ni orúkọ àkáǹtì. Kí oníbàárà tó tẹ bọ́tìnì tíráńsífà, orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá á hàn sí i. Bí ìsọ̀ bá ń jẹ́ orúkọ kan, tí àkáǹtì sì ń jẹ́ orúkọ ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, ẹ̀rù àkọ́kọ́ tí a dárúkọ lókè ti jí. Ká forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, ká ṣí àkáǹtì lórúkọ òwò náà. Kò sí ohun ọ̀ṣọ́ orí ojúlé tó ṣiṣẹ́ tó èyí.

Wàyí o, owó oṣooṣù. Ká ní ètò Shopify jẹ́ dọ́là 39 lóṣù. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦18,000. Nígbà tí dọ́là dé ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di ₦58,500, bẹ́ẹ̀ ètò náà kò yí padà. Láàárín àkókò yẹn gan-an, ọ̀pọ̀ báńkì kò jẹ́ kí káàdì náírà ṣiṣẹ́ fún ìnáwó òkèèrè, òǹtajà sì ń wá ẹni tó máa bá òun fi dọ́là san. Bí aláṣọ wa bá ta òfì méjì ní ₦250,000 lóṣù kan, ohun tí Shopify máa ná an ni ₦58,500, pẹ̀lú ₦10,000 tó jẹ́ ìdá 2, pẹ̀lú ₦4,000 Paystack: ₦72,500 lórí ọjà ₦500,000. Ìdá 14.5 nínú 100 ti lọ. Bí ó bá lo ìsọ̀ Paystack, ₦4,000 péré ni. Bí ó bá lo WooCommerce, ká ní owó ibùgbé ojúlé rẹ̀ jẹ́ ₦60,000 lọ́dún, ₦5,000 lóṣù pẹ̀lú ₦4,000 jẹ́ ₦9,000, láìtíì ka owó ẹni tó ń tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ká ní ogún ló tà lóṣù. Ọjà di ₦5,000,000, Shopify sì di ₦198,500, kò tó ìdá 4 nínú 100 mọ́. Ohun tó pọ̀ jù fún ìsọ̀ kékeré lè ṣeé gbà fún ìsọ̀ tó ti dàgbà.

Ojú ìwé tó fúyẹ́, àwòrán tó sòótọ́

Ní oṣù kọkànlá 1999, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìsọ̀ aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Boo.com. Owó wà, nǹkan bí mílíọ̀nù 135 dọ́là. Wọ́n fi àwòrán tó ń yí àti obìnrin alálàyé tó ń rìn lójú ìwé sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà ń gba ojú wáyà tẹlifóònù, ojú ìwé kò sì ṣí fún wọn. Ní oṣù karùn-ún 2000, ilé-iṣẹ́ náà wó. Lọ́dún kan náà, ní ìlú kan náà, Natalie Massenet ṣí Net-a-Porter. Ìyẹn kọ ojú ìwé tirẹ̀ bí ìwé ìròyìn aṣọ, ó ṣàlàyé ọjà kọ̀ọ̀kan, ó sì di ẹrù sínú páálí dúdú tó ní rìbọ́ọ̀nù. Òun ló yè.

Ẹni tó bá gbé ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí mọ ìdí tí ìtàn yìí fi kàn wá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa já, iná a máa lọ, dátà sì wọ́n. Àwòrán kan tí fóònù yà lè wúwo tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Bí mẹ́wàá bá wà lójú ìwé kan, ogójì mẹ́gábáìtì nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dúró dè é. Ká fún àwòrán pọ̀ títí kò fi ní ju 200 kílóbáìtì lọ. A lè ṣe é lórí fóònù kan náà.

Mẹ́ta ló tó fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta tó tọ́: odindi aṣọ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ojú aṣọ ní tòsí títí òwú á fi hàn, àti aṣọ náà lára èèyàn. Àwòrán kejì ni ó ń lé ẹ̀rù ayédèrú, nítorí ibi tí a ti rán tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ pọ̀ máa ń hàn níbẹ̀. Bí a bá fi fídíò kékeré ahunṣọ lórí òfì kún un, tí ìró òfì dún nínú rẹ̀, a ti fi hàn pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Ká má fi iná pupa tàbí áàpù yí àwọ̀ padà. Aṣọ tó dé Houston ní àwọ̀ mìíràn á padà wá sílé pẹ̀lú ẹjọ́.

Ojú ayé ti ń là sí òfì. Kenneth Ize, aránṣọ tó ń fi aṣọ òkè, orúkọ mìíràn fún òfì, ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wà lára àwọn tó dé ìpele àṣekágbá ẹ̀bùn LVMH fún àwọn aránṣọ ní 2019, ó sì gbé aṣọ náà jáde ní Paris ní oṣù kejì 2020. Àwọn tó ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ mọ ibi tó ti wá àti ọwọ́ tó hun ún. Gbólóhùn márùn-ún nípa ahunṣọ, irú òwú, àti iye ọjọ́ tó gbà níye lórí ju ohun ọ̀ṣọ́ ojúlé lọ. Kí gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́: òwú ilé-iṣẹ́ kì í ṣe sányán, kò sì sóhun tó burú nínú òwú ilé-iṣẹ́ bí a bá pè é lórúkọ rẹ̀.

Ìfiránṣẹ́ àti òfin

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, nǹkan bí kìlómítà 65, tí wọ́n tún ṣe lásìkò Gómìnà Ṣèyí Mákindé, ti dín wàhálà ẹrù kù. Wébíìlì láti gáréèjì yá, ó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n aṣọ ₦250,000 kò yẹ kó wà lọ́wọ́ awakọ̀ láìsí ìwé. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù bíi GIG Logistics nínú ilé àti DHL sí òkèèrè ń fún wa ní nọ́ńbà tí oníbàárà fi lè tọpa ẹrù rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń pa ẹ̀rù kẹta. Ká kọ iye aṣọ gan-an sórí ìwé ẹrù, ká sì jẹ́ kí aṣọ kúrò nílé lọ́sẹ̀ méjì, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ ìnáwó.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà, FCCPA ti 2018, fún ẹni tó ra ọjà àbùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Kí àdéhùn nípa àwọ̀, ọjọ́ àti àsansílẹ̀ wà ní kíkọ lójú ìsọ̀. Láti 2023 sì ni òfin ìdáàbòbò dátà ti wà: nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì oníbàárà kì í ṣe ohun tí a ń fún ẹlòmíràn.

Ohun tí a ó yàn fún aláṣọ wa

Kó kọ́kọ́ ra orúkọ àdírẹ́sì tirẹ̀, èyí tó parí sí .ng tàbí .com.ng, tí àjọ NiRA ń bójú tó. Kó darí rẹ̀ sí ìsọ̀ ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ìsanwó fún un, kó sì fi WhatsApp Business sójú ibẹ̀ fún ìjíròrò. Kó má fi bọ́tìnì «ra á báyìí» sórí aṣọ tí a kò tíì hun. Kó kọ «bá wa sọ̀rọ̀», kó fi ìwé ìsanwó àsansílẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò. Fìlà, ìborùn àti pọ́ọ̀sì òfì tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni bọ́tìnì yẹ. Kí orúkọ oníbàárà, ìwọ̀n àti àwọ̀ òwú wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí kò sí nínú fóònù nìkan. Nígbà tó bá yá tó fẹ́ pààrọ̀ áàpù, àdírẹ́sì àti àkọsílẹ̀ yẹn á bá a lọ, oníbàárà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Ìgbà wo ni kó lọ sí WooCommerce? Nígbà tí ọjà tó wà nílẹ̀ bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí WhatsApp kò gbà á mọ́, tí ìbéèrè kan náà bá ń wọlé lójoojúmọ́, tí ó sì ti rí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó mọ̀ ọ́n tún ṣe tí kò ní fi í sílẹ̀. Shopify lè kàn bí oníbàárà òkèèrè bá pọ̀ ju ti ilé lọ, tí owó rẹ̀ oṣooṣù kò sì ju ìdá 4 nínú 100 ọjà lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò rẹ, alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò tàbí aláṣọ. Béèrè ohun tí oníbàárà rẹ̀ máa ń bi í kó tó sanwó, kó o sì sọ èyí tí ojú ìwé lè dáhùn àti èyí tó nílò ìjíròrò.

2. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ aṣọ ẹbí fún èèyàn 60, ₦130,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣe ìṣirò ohun tí Paystack máa yọ bí olórí ẹgbẹ́ bá san án lẹ́ẹ̀kan, àti bí olúkúlùkù bá san tirẹ̀. Èwo lo máa dámọ̀ràn, kí sì nìdí?

3. Ya àwòrán mẹ́ta ti aṣọ kan ní ilé yín bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀, fún wọn pọ̀ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju 200 kílóbáìtì lọ, kó o sì kọ gbólóhùn márùn-ún tí yóò wà lábẹ́ wọn.

4. Aláṣọ kan ń ta òfì mẹ́jọ lóṣù ní ₦200,000, oníbàárà márùn-ún wà ní Nàìjíríà, mẹ́ta ń fi káàdì òkèèrè san. Fi Shopify, WooCommerce àti ìsọ̀ Paystack wé ara wọn lórí owó tí oṣù kan máa ná an, ní dọ́là kan sí ₦1,500.